Ẹ̀kẹjọ Tí A Kì í Kọ

Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí ná: láti Ojóta títí dé Mile 12, kò sí ẹni tó mọ gìtá béèsì ta jù mí lọ. Mi ò fi ẹnu lásán sọ ọ́. Àwọn tó gbọ́ mi ṣì wà láyé, ẹ lọ bi wọ́n. Kíláàsì kẹta ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀, àmọ́ ìka mi kò fi ilé ìwé sílẹ̀ ní tiwọn. Iṣẹ́ wẹ́dà ni mo ń ṣe láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè. Àwọn gééti ńláńlá tí ẹ ń rí lójú ilé àwọn olówó ní Màgòdò, ẹ tẹ̀ ba kí ẹ wo ìdí wọn dáadáa, ọwọ́ mi ló wà níbẹ̀. Tó bá wá di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, màá wẹ̀, màá fi òróró pa ìka, màá gbé béèsì mi kọ́ èjìká. Irin ni mo ń bá ṣeré ní gbogbo ọ̀sẹ̀, irin náà ni mo sì ń bá ṣeré ní Sátidé. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ti Sátidé máa ń dáhùn.

Ohun tó jẹ́ kí n la ẹnu lónìí ni ọ̀rọ̀ kan tí àwọn èèyàn fẹ́ràn láti máa jà lé lórí. Ẹgbẹ́ olórin tó ti pẹ́ lórí ìtàgé, ṣé kó máa to orin rẹ̀ bó ṣe ń tò ó látijọ́, àbí kó máa yí i padà? Àwọn kan á ní, "Ohun tí a mọ̀ la wá gbọ́." Àwọn mìíràn á ní, "A ti gbọ́ ọ, ó ti sú wa." Gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó jókòó sídìí tábìlì pẹ̀lú ìgò bíà níwájú. Èmi wà lórí ìtàgé. Ó ṣojú mi. Ọwọ́ mi ló ti bàjẹ́, ọwọ́ mi náà ló sì ti dára.

Ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì ni wá. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí, tí àwọn ọ̀dọ́ Èkó ń da irun sílẹ̀ bí igbó, tí wọ́n ń wọ bàtà gogoro àti ṣòkòtò tí ẹnu rẹ̀ ń gbálẹ̀, ìgbà yẹn ni Ọ̀gá wa dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Gìtá tó ń ké bí ológbò tí wọ́n tẹ̀ nírù, dúrọ́ọ̀mù, ògáànù, orin Yorùbá tí òyìnbó díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Èmi ò sí níbẹ̀. Mo ṣì ń ṣa ìgbín kiri lábúlé wa ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ìgbà tí ẹni tó kọ́kọ́ ń ta béèsì wọn bá iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi lọ tí kò padà ni wọ́n tó mú mi. Nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ irú wa, àwa mẹ́rin ló kù: Ọ̀gá tó ń kọrin tó sì ń ta gìtá, onídúrọ́ọ̀mù tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, olóògáànù tí kì í sọ̀rọ̀ rárá, àti èmi. Èmi ni àbíkẹ́yìn wọn, mo sì ti lé ní ogójì ọdún.

A kì í fi orúkọ pe àwọn orin wa. Nígbà tí mo dé, Ọ̀gá kọ orúkọ orin méjìlá sẹ́yìn kàlẹ́ńdà kan, ó ní kí n kà á. Mo wo ìwé náà, ìwé náà wò mí. Ọ̀gá kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó ní, "Ṣé o mọ nọ́ńbà?"

Mo ní, "Ọ̀gá, ta ló ń bá mi wọn irin ní ṣọ́ọ̀bù?"

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi nọ́ńbà síwájú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan ìkẹjọ, ó kọ nọ́ńbà rẹ̀, ó dá ọwọ́ dúró díẹ̀, ó wá fi bírò fà á dúdú títí a ò fi rí orúkọ rẹ̀ mọ́. Láti ọjọ́ náà ni Èkíní, Èkejì, Ẹ̀kẹta ti di orúkọ àwọn orin wa lẹ́nu gbogbo wa. Bí a ṣe ń kà wọ́n náà la ṣe ń kọ wọ́n. Tí Èkeje bá tán, Ẹ̀kẹsàn-án ló kàn. Mo bi onídúrọ́ọ̀mù léèrè Ẹ̀kẹjọ. Ó ní, "Màmá ló ní kí wọ́n yọ ọ́. Ìjà ilé ni. Wẹ́dà, má bèèrè mọ́." Mi ò sì bèèrè mọ́.

Màmá ni ìyàwó Ọ̀gá. Ọgbà ọtí tí a ti ń ṣeré, ní Alápẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni ilé wọn wà, fẹ́ǹsì kan ṣoṣo ló là wọ́n láàárín. Ní ọdún tó ṣáájú èyí tí mò ń sọ, àrùn rọpárọsẹ̀ mú apá ọ̀tún Màmá, ó mú ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, ó sì mú ẹnu rẹ̀ lápá kan. Àbúrò rẹ̀ obìnrin tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí ló wá ń gbé lọ́dọ̀ wọn tó ń tọ́jú rẹ̀. Kò lè dé ọgbà mọ́. Ṣùgbọ́n tó bá ti di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Sátidé, Àǹtí á ṣí fèrèsé yàrá náà gbayawu, á fi ìrọ̀rí méjì gbé orí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sókè, Màmá á sì máa gbọ́ orin ọkọ rẹ̀ títí di aago méje. Ọjọ́ méje tó wà láàárín Sátidé sí Sátidé, Àǹtí ní Màmá máa ń kà á.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ tí onílé ọtí sọ fún wa fi wọ̀ wá lára. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó pè wá jọ nídìí fìríìjì rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n àwọn kọ́sítọ́mà mi ti mọ gbogbo orin yín, wọ́n ti mọ èyí tó kàn. Ọ̀kan sọ fún mi pé òun máa ń wà nílé òun lókè yẹn, òun á máa gbọ́ yín, tó bá ku orin méjì kẹ́ ẹ parí, òun á wá mu ìgò kan, òun á padà sílé. Dìjéè kan ti ń yọ mí lẹ́nu. Sátidé méjì ni mo fún yín. Tí ibí kò bá kún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

A lè rí ọgbà ọtí mìíràn. Kétu kún fún ọgbà ọtí. Ṣùgbọ́n kò sí òmíràn tó fara kan fèrèsé Màmá.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, gbogbo wa jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìkòsí. Mo ti ro ọ̀rọ̀ náà tán kí wọ́n tó dé.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká dà á rú. Ká fi Ìkejìlá bẹ̀rẹ̀."

"Ìkejìlá la fi ń parí."

"Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ká fi bẹ̀rẹ̀."

Onídúrọ́ọ̀mù ní, "Tí a bá fi ìparí bẹ̀rẹ̀, kí la wá máa fi parí? Ìbẹ̀rẹ̀?"

"Kí ló burú níbẹ̀, Bọ̀dá?"

"Kò burú. Tí ẹnì kan bá ní kó o ṣe gééti fún òun, orí òrùlé ni kó o gbé e sí."

Olóògáànù rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ìka ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí mo ṣubú?"

Ta ló máa gbàgbé? Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ẹ̀kẹrin la kọ tán lọ́jọ́ náà, Ọ̀gá ní kí òun mu omi, ó sì ṣubú sẹ́yìn sípíkà. Kí àwọn èèyàn má bàa dà bo ibẹ̀, onídúrọ́ọ̀mù ní ká fò sí Ẹ̀kẹsàn-án, torí kò sí ọ̀rọ̀ ẹnu nínú rẹ̀, béèsì àti ògáànù lásán ni. À ń ta á, wọ́n ń gbé Ọ̀gá jáde. Màmá ṣì lágbára nígbà náà. Ó wà nídìí iná lẹ́yìnkùlé. Bó ṣe gbọ́ pé Ẹ̀kẹsàn-án tẹ̀ lé Ẹ̀kẹrin, kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó sáré yí fẹ́ǹsì po, orógùn ọbẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun ló sì bá wa wá ọkọ̀ tó gbé Ọ̀gá dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Ọ̀gá ní, "Láti ọjọ́ náà, tí orin wa bá ti fò, ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé mo ti ṣubú. Nígbà yẹn, ó lè sáré wá wò mí. Ní báyìí, kí ló fẹ́ fi sáré?"

Ó dìde, ó gbọn ìdí ṣòkòtò rẹ̀, ó lọ.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí Ọlọ́run bá fún ní irú ẹ̀bùn tó fún mi, ó máa ń ṣòro fún un láti dákẹ́. Mo rò ó pé tí wọ́n bá gbọ́ bó ṣe dùn tó, àwọn fúnra wọn á dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú méjì, a kọ Èkíní, a kọ Èkejì. Àlàfo tó wà láàárín orin kan sí èkejì kò ju kéèyàn gbé itọ́ mì. Béèsì ló máa ń bẹ̀rẹ̀ Ìkọkànlá. Kí onídúrọ́ọ̀mù tó gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè fún Ẹ̀kẹta, mo ti wọ inú Ìkọkànlá lọ.

Ẹ wo rúdurùdu! Dúrọ́ọ̀mù wà nínú Ẹ̀kẹta, béèsì wà nínú Ìkọkànlá, olóògáànù gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tí ọlọ́pàá dá dúró. Ọ̀gá yíjú sí mi. Mi ò wò ó. Ṣùgbọ́n àgbà ni wá nídìí iṣẹ́, kò pẹ́ tí gbogbo wa fi bára wa. Orin náà sì gbóná! Torí pé wọn ò retí rẹ̀, àwọn tó jókòó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé orí sókè. Ọkùnrin kan gbé ìgò rẹ̀ kalẹ̀, ó dìde. Mo ní sínú mi pé, ẹ rí nǹkan, ṣebí mo wí.

Ìgbà náà ni a gbọ́ ohùn Àǹtí lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wá Ọ̀gá.

"Dadi dà? Ṣé wọ́n ti ṣubú ni? Ẹ gbà mí o, Màmá ń sunkún, wọ́n fẹ́ bọ́ sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì!"

Ọ̀gá gbé gìtá rẹ̀ sílẹ̀ láìpa á. Gìtá náà ń hu lórí ilẹ̀. Bàbá ẹni àádọ́rin ọdún ó dín díẹ̀, mi ò mọ̀ pé ó ṣì lè yára rìn bẹ́ẹ̀. A ta orin kan láìsí i, lẹ́yìn náà a ò lè ta òmíràn mọ́. Onílé ọtí kó àwọn ìgò òfìfo tó wà nítòsí wa, ó ní, "Ó ku Sátidé kan o."

Ọ̀gá padà wá gbé gìtá rẹ̀. Ó ká wáyà rẹ̀ jẹ́jẹ́ mọ́ ìgbọ̀nwọ́. Ó ní, "Ó ti sùn." Kò bú mi. Ká ní ó gbá mi létí ni, ì bá sàn fún mi.

Ọjọ́ kejì, bí a ṣe jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ra ìbẹ́pẹ tó pọ́n dáadáa, mo gbé e lọ sílé wọn. Ọ̀gá ò tíì dé. Àǹtí mú mi wọlé. Màmá wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ojú rẹ̀ sí fèrèsé. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń lọ́ nígbà yẹn, ṣùgbọ́n téèyàn bá fara balẹ̀, yóò gbọ́ ọ.

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ pa mí?"

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

"Dìde níbẹ̀ yẹn. Wọn ò tíì nulẹ̀. Ta ló gbé Ìkọkànlá wá síwájú?"

"Èmi ni, Mà."

"Mo mọ̀. Ìgbéraga tìẹ, èèyàn máa ń gbọ́ ọ látinú béèsì."

Àǹtí bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ dárí jì mí, Màmá. A máa tò ó padà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀."

"Ta ló ní kí ẹ tò ó padà?"

Mo wo Àǹtí. Àǹtí wo òkè àjà.

Màmá ní, "Orin yẹn dùn kí ẹ̀rù tó bà mí. Ṣé o mọ ìgbà tí mo ti ń gbọ́ Ẹ̀kẹta? Láti ìgbà tí gbogbo eyín mi ti pé lẹ́nu! Tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ báyìí, màá ní kí Àǹtí rẹ wá bá mi pa ojú fèrèsé dé díẹ̀. Mo rò pé ọjọ́ orí ni. Mo ní Ọ̀gá yín kò lè kọ ọ́ lọ́nà mìíràn mọ́, kí n máa fara dà á."

"Màmá, torí tiyín ni wọn ò ṣe yí i padà o. Wọ́n ní ẹ̀rù á bà yín."

Ẹ̀rín wá bẹ̀rẹ̀ lápá ẹnu Màmá tó ṣì lè rẹ́rìn-ín, ó rín in títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, Àǹtí sì fi etí ìró nù ún fún un.

"Ọkùnrin yìí," ó ní. "Ọkùnrin yìí, ó mà ti jẹ ìyà orin lórí mi o." Nígbà tó gba èémí tán, ó ní, "Ohun tó ń já mi láyà ni pé mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Tí ẹnì kan bá sọ fún mi láàárọ̀ pé báyìí ni orin ìrọ̀lẹ́ máa tò, kí ni ẹ̀rù á tún máa bà mí sí? Mú bírò."

Mo tú ìwé ètò ìsìn tó wà lápò mi, mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta. Lẹ́tà lè rẹ́ mi jẹ, nọ́ńbà kò lè rẹ́ mi jẹ. Màmá ń pè é, mò ń kọ ọ́. Ó ní ká fi Ìkọkànlá bẹ̀rẹ̀, torí kò gbọ́ ọ parí lánàá. Ó ní Ẹ̀kẹfà kó tẹ̀ lé e. Ó ní Ẹ̀kẹta, ẹ fi í sílẹ̀ nílé kó sinmi. Ó tò ó dé àárín, ó wá ní:

"Kọ Ẹ̀kẹjọ síbẹ̀."

Bírò mi dúró. "Màmá, a ò ní Ẹ̀kẹjọ."

"Ẹ ní i. Èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ wọn." Ó ń wo fèrèsé bó ṣe ń sọ ọ́. "Obìnrin kan ló gbàgbé gèlè sórí àga nínú orin yẹn. Mo bi Ọ̀gá yín pé gèlè ta ni. Ó ní orin lásán ni. Mo ní, orin lásán kì í ní òórùn. Mo ní tí mo bá tún gbọ́ ọ létí mi, Ìjẹ̀bú ni wọ́n á ti wá mú mi, nílé bàbá mi. Kò kọ ọ́ mọ́. Àfi ọjọ́ kan nínú balùwẹ̀, ó rò pé mi ò sí nílé. Mo dúró síta, mo gbọ́ ọ tán, mi ò jẹ́ kó mọ̀."

Àǹtí ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò sọ èyí fún mi rí."

"Kí ni mo fẹ́ sọ? Orin tó dára jù nínú gbogbo orin wọn nìyẹn. Owú ló jẹ́ kí n gbà á. Tí mo bá wá ń lọ, mi ò fẹ́ gbé e lọ. Wẹ́dà, kọ ọ́ síbẹ̀."

Mo kọ ọ́. Mo kọ ọ́ ní ńlá.

Nígbà tí mo fi ìwé náà han Ọ̀gá lẹ́nu ọ̀nà, ó rò pé mo tún ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Ìwọ lo lọ fi sí i lẹ́nu." Mo ní kó wọlé lọ bi ìyàwó rẹ̀. Ó wọlé. Mo dúró lábẹ́ òrùlé ìta títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Nígbà tó jáde, ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó tún un wò, ó ní, "Ó ní kí n má ṣì í kọ."

A fi ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta kọ́ Ẹ̀kẹjọ ní ṣọ́ọ̀bù mi, láàárín àwọn irin. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo fi mọ béèsì rẹ̀. Ká sọ òótọ́, ọjọ́ méjì. Ohùn orin náà pé lọ́kàn Ọ̀gá, ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ náà sì pé. Ẹsẹ̀ kejì ló sọnù. Ó máa dé ibẹ̀, á la ẹnu, á wá máa wo òkè bí ẹni pé ara páànù ni wọ́n kọ ọ́ sí.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ bi Màmá. Ó lè jẹ́ pé wọ́n rántí."

"Kí n lọ bi ìyàwó mi ní ọ̀rọ̀ tí mo kọ nípa gèlè obìnrin mìíràn?"

Onídúrọ́ọ̀mù fi ọ̀pá ìlù lu orúnkún. "Háà! Obìnrin mìíràn ti wà níbẹ̀ nìyẹn. Ọ̀gá, ẹ ti jẹ́wọ́."

"Lu ìlù rẹ, jàre."

Èmi náà kò jókòó lásán lọ́sẹ̀ yẹn. Gbogbo ẹni tó bá wá ra irin tàbí wá gba gééti, mo ń sọ fún un pé ẹgbẹ́ wa fẹ́ kọ orin kan tí wọ́n ti tì mọ́lé láti bí ogún ọdún. Mo sọ ọ́ fún àwọn aláta Mile 12, mo sọ ọ́ fún àwọn tó ń kọ́lé ní Ìṣẹ̀rì. Nígbà tó di Sátidé, ọgbà náà kò kún àkúnya, mi ò ní parọ́, ṣùgbọ́n kò sí àga tó ṣófo níwájú. Onílé ọtí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìríìjì rẹ̀, ó ká ọwọ́ lẹ́rán. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, mo lọ sídìí fẹ́ǹsì, mo na ìwé náà sí Àǹtí, ó sì wọlé lọ kà á fún Màmá lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀.

Ìkọkànlá lọ dáadáa. Ẹ̀kẹfà lọ. Nígbà tó kan Ẹ̀kẹjọ, Ọ̀gá fi áńkáṣífù nu ojú. Ó sún mọ́ makirofóònù. Kò kígbe bó ṣe máa ń kígbe. Ó rọra gbé e:

"Ìwọ tó o wọ rélùwéè lọ,
o gbàgbé gèlè rẹ sórí àga mi."

Mi ò mọ̀ pé ohùn bẹ́ẹ̀ ṣì kù nínú ọkùnrin yẹn. Kódà obìnrin tó ń dín ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ gééti dá ọwọ́ dúró. Ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ parí, gìtá sọ̀rọ̀, a padà dé ibi tí ẹsẹ̀ kejì ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá la ẹnu. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo yí béèsì po lẹ́ẹ̀kan, mo tún un yí po, bí ajá tó ń wá ibi tó máa sùn sí. Ọ̀gá wo òkè. Páànù tibẹ̀ náà kò sọ nǹkan fún un. Ó tún ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ó dá a dúró lágbedeméjì, ó gbé ọwọ́ sókè. Gbogbo wa dákẹ́. Jẹnẹrétọ̀ nìkan ló ń ró. Onílé ọtí wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó sì mi orí.

Ohùn kan wá ta látẹ̀yìn fẹ́ǹsì. Àǹtí ni. Kò mọ orin kọ rárá, bí ẹni tó ń polówó epo ló ṣe pariwo rẹ̀:

"Wọ́n ní, mo ká a lẹ́ẹ̀kan!"

Gbogbo ọgbà yíjú sí fẹ́ǹsì.

"Wọ́n ní kí ẹ sọ pé, mo ká a lẹ́ẹ̀kan, mo ká a lẹ́ẹ̀mejì!"

Ọ̀gá fi makirofóònù sílẹ̀, ó lọ sí etí ìtàgé. "Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?"

Ó dákẹ́ lọ́hùn-ún. A mọ̀ pé ó ti sáré padà sídìí fèrèsé lọ bèèrè. Kò sẹ́ni tó mu ọtí. Ó dé:

"Òórùn rẹ̀ ò kúrò lọ́wọ́ mi! Wọ́n ní ṣé ẹ ti gbàgbé ni? Wọ́n ní àwọn ò gbàgbé o!"

Ẹ̀rín bú nínú ọgbà bí ìgbà tí òjò bá dà sórí páànù. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, ó di ikùn mú. Ó padà sídìí makirofóònù, onídúrọ́ọ̀mù kà á wọlé, ó sì kọ ẹsẹ̀ kejì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ojú rẹ̀ sí fẹ́ǹsì, ẹ̀yìn rẹ̀ sí gbogbo àwọn tó ra ọtí. Nígbà tó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, àwọn tábìlì iwájú ti ń bá a gbè é. Ojú wẹ́dà máa ń da omi láìnídìí, gbogbo ẹni tó mọ iṣẹ́ wa ló mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí a parí, onílé ọtí wá bá wa. "Ta ni obìnrin ẹ̀yìn fẹ́ǹsì yẹn?"

Onídúrọ́ọ̀mù sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ó sì bù kún un díẹ̀. Onílé ọtí fetí sílẹ̀. Ó ní, "Gbogbo ìgbà yìí, mo rò pé àwọn kọ́sítọ́mà mi lẹ̀ ń kọrin fún."

Ọ̀gá ní, "Àwọn náà gbọ́."

Ọkùnrin náà fi ọwọ́ pa orí. Ó ní kí dìjéè máa wá lọ́jọ́ Fúráìdè. Ó ní Sátidé, ká má gbé nǹkan wa lọ síbì kankan.

Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá bi mí bóyá ó yẹ kí ẹgbẹ́ àgbà máa yí orin rẹ̀ padà, màá sọ fún un pé kó lọ bi ẹni tó ń gbọ́. Mi ò sọ pé gbogbo ọgbà. Ẹnì kan ṣoṣo. Kó bi í lójú rẹ̀, kó má jókòó sílé rẹ̀ kó máa fi ọkàn rò ó fún un.

Mo bá Ọ̀gá gbé sípíkà kékeré wọlé lọ́jọ́ náà. Màmá ṣì wà lórí ìrọ̀rí méjèèjì.

"Ẹ káàbọ̀," ó ní. "Ẹsẹ̀ kejì yẹn, ẹ sáré kọ ọ́."

Ọ̀gá ní, "Ebi ló ń pa mí."

"Ebi kọ́. Ojú ló ń tì yín."

Ọ̀gá kò jiyàn. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó bu òrí látinú agolo, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún Màmá lé itan rẹ̀, ó sì ń fi òrí náà pa àwọn ìka tí kò lè ká mọ́, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí dókítà ṣe ní kó máa ṣe é. Mo fẹ́ jáde. Màmá ní kí n dúró, kí n mú bírò fún ti Sátidé tó ń bọ̀.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká sinmi ná."

"Ẹ̀kẹta," ó ní. "Ẹ dá a padà."

"Ẹ̀kẹta? Ṣebí ẹ ní ó ti sú yín?"

"Ó sú mi. Ṣùgbọ́n mo wá a títí lónìí, mi ò rí i." Ó yí ojú sí ọkọ rẹ̀. "Dadi, ibẹ̀ yẹn ń dùn mí díẹ̀. Ẹ rọra."

Ọ̀gá rọra. Mo bèèrè ibi tí màá kọ Ẹ̀kẹta sí. Ọ̀gá ti bọ́ sórí ìka mìíràn, ojú Màmá sì wà lára ọwọ́ ọkọ rẹ̀. Mo fa àpótí kan sún mọ́ ògiri, mo jókòó, mo di bírò mi mú, mo sì dúró dè wọ́n.